Omi tó ń bá èéfín lọ: bí wọ́n ṣe ń gbà á padà nílé iṣẹ́ amúnáwá, àti ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ l'Óṣogbo àti Iléṣà

 Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé báyìí, tí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ọ̀rọ̀ omi ló máa ń kún inú fóònù mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè tó wọlé yàtọ̀ díẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Iléṣà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn gbọ́ pé òyìnbó ti ń fa omi jáde látinú èéfín ilé iṣẹ́ amúnáwá. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni? Àti pé bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí a ò lè ṣe é nílé wa níbí, níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba ti di ìtàn tí à ń pa fọ́mọdé? Mo dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni, sà. Apá kejì ìbéèrè wọn ni ìdáhùn rẹ̀ gùn, òun ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí, kí n lè máa tọ́ka sí i fún ẹni tó bá tún béèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú: báwo ni omi ṣe dénú èéfín? Gbogbo wa la mọ̀ pé omi ló ń paná. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé iná náà ń bí omi. Gáàsì tí wọ́n ń sun nílé iṣẹ́ amúnáwá, mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan méjì ló sì para pọ̀ di mẹ́téènì: kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn. Bí iná bá ti mú un, kábọ́ọ̀nù á so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, á di kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì. Háídírójìn náà á so mọ́ ọ́síjìn tirẹ̀, ìyẹn á sì di omi. Omi gidi ni o, àfi pé ó ti gbóná débi tó fi di oru tí ojú ò lè rí. Kílò mẹ́téènì kan tó bá jóná tán, kílò omi 2.25 ló máa ń mú jáde. Ẹ má rò pé mo ṣi í kọ. Ọ́síjìn tó wá látinú afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kí omi náà wúwo ju gáàsì tí a sun lọ.

Bẹntiróòlù àti dísù náà ò yàtọ̀. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán á di nǹkan bíi lítà omi kan nínú èéfín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń kùn lẹ́yìnkùlé yín, tó mu lítà mẹ́rin mọ́jú, ó ti tu bíi lítà omi mẹ́rin sáfẹ́fẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó wo ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ ní kété tó bá ṣí i. Omi á máa kán tó, tó, tó. Ọ̀pọ̀ á sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á sì ní kò sóhun tó ṣe é. Òótọ́ ló sọ. Sàlẹ́ńsà ṣì tutù ni, oru omi inú èéfín wá ń di omi lára rẹ̀. Bí irin náà bá ti gbóná, omi ò ní kán mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó tán. Ó ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ láìjẹ́ kẹ́ni kankan rí i.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba omi ọ̀hún padà ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní heat exchanger. Èmi á máa pè é ní ẹ̀rọ apààrọ̀-ooru, torí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun gbígbóná ń kọjá lápá kan, ohun tútù ń kọjá lápá kejì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ò fara kan ara wọn, ṣùgbọ́n ooru ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa rárá. Rédíétọ̀ mọ́tò, ọ̀kan ni. Irin dúdú tó máa ń gbóná lẹ́yìn fíríìjì, ọ̀kan ni.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ti àwọn tó ń ṣe ògógóró. Ẹni tó bá ti dé apá Ìlàjẹ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á da ẹmu tó ti kan sínú àgbá, wọ́n á dé e pa, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀. Oru á gba inú páìpù jáde, páìpù yìí ni wọ́n sì mú gba inú omi tútù kọjá. Bí oru bá ti dé ibi tó tutù yẹn, á di olómi, á máa kán sínú ìgò lódìkejì. Ẹ fi ojú sí nǹkan kan níbẹ̀, torí a máa padà sí i: omi tí páìpù náà gbà kọjá kì í pẹ́ gbóná. Bí wọn ò bá máa pààrọ̀ rẹ̀, oru lásán ni yóò máa jáde lẹ́nu páìpù, ọtí á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Oru kì í ṣàdédé di omi, ó ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ tutù dé. Ìrì kì í sẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù dé ìwọ̀n kan ló ń sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín. Bí omi bá ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ sí ni ìrì rẹ̀ á ṣe tètè sẹ̀ sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun gáàsì sábẹ́ ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di oru, afẹ́fẹ́ tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ń lò, èéfín ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ omi bó bá ti tutù dé nǹkan bíi 58 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Táábáìnì gáàsì ò rí bẹ́ẹ̀. Òun ń fa afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ wọlé tí kò bá gáàsì jóná, afẹ́fẹ́ yìí á wá dà bí ẹni bomi la ọbẹ̀. Èéfín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù tó bíi 45 kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìyàtọ̀ 60 àti 45 lè má jọ ẹ lójú o. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, níbi tí omi odò fúnra rẹ̀ ti ń wà ní bíi 27 tàbí 28, òun ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà á ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Òṣogbo ni yàrá tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní National Control Centre. Wáyà ńlá tó gbé iná bọ̀ láti Jẹ́bà, ọ̀dọ̀ wa ló ń wọlé sí. Bí gírìdì bá dojú bolẹ̀, orúkọ Òṣogbo lẹ ó gbọ́ nínú ìròyìn. Síbẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ amúnáwá oní-gáàsì ńlá kankan tó ń fún gírìdì níná l'Óṣogbo tàbí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwa là ń darí iná, ibòmíràn ni èéfín rẹ̀ ti ń rú. Àwọn tó sún mọ́ wa ni Olórunsògo nítòsí Papalanto ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Omotosho lápá Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti Egbin lápá Ìkòròdú.

Mo jókòó ti ìṣirò náà fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ tó wà ní Olórunsògo àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 2007. Iṣẹ́ tèmi ni ìṣirò yìí o, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ lè mú bíi mẹ́gáwáàtì 42 wá. Nínú gbogbo ooru tí irú táábáìnì bẹ́ẹ̀ ń rí nínú gáàsì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń di iná, ìyókù ń bá èéfín lọ sókè, èéfín tó gbóná ju 500 lọ. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tokuntokun, gáàsì tó ń jó níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan á lé díẹ̀ ní kílò méjì àbọ̀. Omi tí ìyẹn ń bí á sún mọ́ lítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi lítà 21,000 ní wákàtí kan. Ẹ tún fi omi tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ kún un, torí afẹ́fẹ́ apá ibí kì í gbẹ àfi lọ́yẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ á tó bíi lítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ṣeé gbà padà. Bí wọ́n bá mú kí èéfín náà tutù dé 40, lítà méjì ó lé díẹ̀ ló máa jáde nínú mẹ́sàn-án yẹn. Bí wọ́n bá mú un dé 35, á sún mọ́ lítà mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká mú lítà mẹ́rin dín díẹ̀ yìí: bíi lítà 14,000 ní wákàtí, bíi 336,000 láàárín ọjọ́ kan tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wọ̀n ọ́n, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 13,000 lójúmọ́, látinú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Mo mọ bí ọkàn yín ṣe ń fò sókè báyìí, tèmi náà fò.

Ṣùgbọ́n ọmọ òṣómàáló ni wá. Ká tó ra ọjà, à ń béèrè iye tó máa ná wa.

Ohun tó ń náni níbẹ̀ ni ooru. Èéfín tó lé ní 500 kò lè ṣàdédé di 35, ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní iṣẹ́ rere tó lè ṣe: wọ́n á fi se omi di oru, oru á yí táábáìnì mìíràn, iná á sì tún jáde láìsun gáàsì kún un. Bí wọ́n ṣe ṣètò Olórunsògo kejì nìyẹn, táábáìnì gáàsì mẹ́rin àti ti oru méjì, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 750. Olórunsògo àkọ́kọ́ ò ní èyí. Bí èéfín ṣe gbóná ló ṣe ń lọ sókè.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n ti ṣe ìyẹn tán, tí èéfín ti wálẹ̀ dé 100. Láti 100 dé 35 yìí ni omi ti ń kán, ibẹ̀ náà ni wàhálà wà. Oru tó bá ń di omi máa ń tu gbogbo ooru tó fi di oru tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Lórí ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì 42 tí mo ń wí yìí, ooru tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó kúrò níbẹ̀ á tó bíi mẹ́gáwáàtì 19. Bó bá jẹ́ omi odò ni wọ́n fẹ́ fi kó o, tí wọn ò sì fẹ́ kí omi náà gbóná ju ìwọ̀n márùn-ún lọ, bíi lítà 900 gbọ́dọ̀ máa ṣàn gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lítà 900, ká tó rí mẹ́rin! Àwọn tó ń ṣe ògógóró ò ní ṣe kàyéfì rárá bí wọ́n bá gbọ́.

Àwọn kan á ní kò burú, ṣebí omi 900 yẹn á tún padà sódò. Bó bá jẹ́ odò ńlá tàbí ọ̀sà ni, òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbóná sí i, ó sì yẹ kẹ́nì kan ro ti ẹja inú rẹ̀. Àmọ́ níbi tí kò bá sí odò ńlá, ilé gogoro ni wọ́n máa ń kọ́ kí omi gbígbóná máa já wálẹ̀ nínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ẹ tutù. Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ o, á gbé apá kan omi náà lọ. Láti tú ooru mẹ́gáwáàtì 19 dànù lọ́nà yẹn, omi tó máa fẹ́ lọ á tó lítà méje tàbí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó. Ẹ fi mẹ́jọ wá mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ìròyìn yìí kiri ò kì í dé nìyí, wọ́n á sọ iye omi tó wà nínú èéfín, wọn ò ní sọ ohun tó ń náni láti mú un tutù.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Wọ́n lè lo fáànù ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ lu páìpù, bí ti rédíétọ̀. Ìyẹn ò ń fi omi ṣòfò, àmọ́ lọ́sàn-án ilẹ̀ wa tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń gbóná dé 33 tàbí 34, agbára káká ni èéfín á fi dé 40. Tàbí kí wọ́n lo omi tútù tó ń lọ sínú ìkòkò irin, tó jẹ́ pé wọ́n á sun gáàsì láti gbé e gbóná bópẹ́-bóyá. Èyí ló dára jù lójú tèmi, torí ooru tí à bá dà nù ló ń di gáàsì tí a ò sun. Ìṣòro rẹ̀ ni pé omi tútù tó ń wọlé síbẹ̀ kì í pọ̀ tó láti gba gbogbo ooru náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán an wò ní Nàìjíríà, Egbin ni èmi á kọ́kọ́ gbójú lé. Ìkòkò irin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ 1,320, láti ọdún 1985 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gáàsì ni wọ́n ń sun sábẹ́ rẹ̀, ọ̀sà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ tu ẹ̀rọ lára. Ìṣirò mi fi hàn pé ẹ̀rọ kan níbẹ̀, bó bá ń ṣiṣẹ́ tán, á máa tu omi bíi lítà 27 jáde nínú èéfín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Torí pé ìrì èéfín bẹ́ẹ̀ ń sẹ̀ ní bíi 60, bí wọ́n bá mú un tutù dé 40 péré, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi náà ló máa jáde. Ọ̀sà máa ń ní iyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ìkòkò irin kò sì fẹ́ iyọ̀ rárá. Omi inú èéfín kò ní iyọ̀, kò ní ẹfun òkúta tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùù. Fún ìkòkò irin, ó sàn ju omi kànga lọ.

Àmọ́ kò tíì ṣeé mu o. Kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì inú èéfín máa ń wọ inú rẹ̀, àwọn èròjà náítírójìn náà ń wọ̀ ọ́, ó ń sọ ọ́ di kíkan. Bó bá jẹ́ dísù tàbí èédú ni wọ́n sun, imí ọjọ́ á tún wà níbẹ̀, ìyẹn á sì di ásíìdì gidi, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ láti bíi 120 sí 150, kí omi fúnra rẹ̀ tó sẹ̀ rárá. Irin lásán tó bá bá a pàdé, á jẹ ẹ́ run. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ilé iṣẹ́ amúnáwá látijọ́ fi máa ń rí i dájú pé èéfín ò tutù jù kó tó jáde: ẹ̀rù ásíìdì ń bà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gba omi náà gbọ́dọ̀ lo irin tí kì í dípẹtà, tàbí kó fi Teflon bo páìpù rẹ̀, owó kékeré kọ́ nìyẹn.

Lókè òkun, kì í ṣe àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Lehigh, pẹ̀lú owó ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, dán ẹ̀rọ apààrọ̀-ooru wò lórí èéfín ilé iṣẹ́ amúnáwá, ìròyìn wọn sì jáde ní 2008 àti 2011. Ohun tí mo sọ lókè yìí náà ni wọ́n bá pàdé: omi tútù tó ń lọ sínú ìkòkò irin kì í tó, ásíìdì sì ń bá páìpù jà. Àwọn kan ní yunifásítì MIT gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ń fi agbára iná mànàmáná fa omi jáde nínú kùrukùru funfun tó ń jáde lórí ilé gogoro tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣi méjèèjì mú fún ara wọn o. Kùrukùru funfun yẹn kì í ṣe èéfín, omi tó ń fẹ́ lọ ni. Ní South Africa ńkọ́? Níbi tí Matimba wà lápá Lephalale, òjò ò pọ̀, kò sí omi tí wọ́n lè fi ṣòfò. Fáànù ni wọ́n fi ń tu oru lára níbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 665 lọ́nà mẹ́fà. Wọn ò wá omi kiri nínú èéfín, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọn ò jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní London, tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ẹ jáde síta kí ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín. Páìpù rọ́bà funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tó máa ń di yìnyín pa lọ́jọ́ tí òtútù bá mú tí bọ́ílà á sì kọ̀ láti tàn, omi inú èéfín gáàsì ló ń gba inú rẹ̀ lọ sí gọ́tà. Láti 2005 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí bọ́ílà tuntun máa gba ooru inú oru omi padà. Kíkan omi náà ò jìnnà sí ti omi ọsàn. Ooru rẹ̀ ni wọ́n ń wá níbẹ̀, omi ni wọ́n ń dà nù. Ó sì rọrùn fún wọn, torí omi tó ń padà wá látinú ilé tútù.

Tó bá kan Iléṣà, ọ̀rọ̀ omi ibẹ̀ ti pẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yá mílíọ̀nù 65 dọ́là lọ́wọ́ Islamic Development Bank fún iṣẹ́ omi ìlú náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì ti fà láti ọwọ́ gómìnà kan dé ọwọ́ òmíràn. Odò Ọ̀ṣun tí à ń fi yangàn ti yí àwọ̀ padà nítorí àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má mu omi náà. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí, tó wá gbọ́ pé omi wà nínú èéfín, kò jẹ̀bi bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i.

Mo wá fi ohun tó wà lórí orí wa wé e. Òjò tó ń rọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa á tó bíi mílímítà 1,300 lọ́dún. Òrùlé ilé kan tó jẹ́ mítà mẹ́wàá ní gígùn àti mẹ́wàá ní ìbú, omi tó ń bọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún jẹ́ lítà 130,000. Ká tiẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, bíi 104,000 ló kù. Òrùlé bíi 1,200 ló máa mú iye omi tí ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì 42 yẹn lè mú wá lọ́dún, bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún odidi ọdún láìdúró. Ẹ̀yin náà mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kankan wà tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí gáàsì ti ń wọ́n lónìí tí gírìdì ń wó lọ́la. Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ tí ìyá wa àgbà máa ń gbé ìkòkò sí nídìí kò nílò gáàsì. Ohun tó ń náni níbẹ̀ ni táǹkì: ìdílé èèyàn márùn-ún tó ń lo lítà 20 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ á nílò bíi lítà 12,000 láti fi la oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn kọjá.

Èyí ò wá ní ká gbàgbé ti èéfín o. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ lọ́la pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá oní-gáàsì sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìgbà tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ ló yẹ ká béèrè ibi tí ooru rẹ̀ ń lọ, odò wo ni wọ́n fẹ́ fi tu ú lára, àti iye omi tó máa fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, ó ti pẹ́ jù. Wíwá àyè fún ẹ̀rọ apààrọ̀-ooru lẹ́yìn náà ń náni ju kíkọ́ ọ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ tó ń lo bọ́ílà. Iléṣà ní ilé iṣẹ́ ọtí láti 1978, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń se ọtí bíà láìlo oru. Irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀, tí omi tútù ń wọlé sí lójoojúmọ́, ni ẹ̀kọ́ London yẹn bá mu jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn àyẹ̀wò, ẹ má lọ so rọ́bà mọ́ sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ nítorí àpilẹ̀kọ yìí. Bí èéfín ò bá rọ́nà jáde dáadáa, á padà sínú ilé, kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ló máa ń pa èèyàn sí. Omi tó sì máa kán níbẹ̀, ọ́ìlì àti ẹ̀gbin irin ló máa kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rọ apààrọ̀-ooru tó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, kó gbé báàgẹ̀tì sábẹ́ páìpù AC ní báńkì tàbí ọ́fíìsì tó bá sún mọ́ ọn l'Óṣogbo. AC kékeré kan lè mú lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ní wákàtí kan lásìkò tí afẹ́fẹ́ bá rin. Ìyẹn kò ní èéfín nínú. Kò ṣeé mu, torí eruku àti irin tó gbà kọjá, ṣùgbọ́n ó ṣeé fọ ilé, ó ṣeé dà sí ṣáláńgá olómi, ó sì ṣeé bomi rin òdòdó. Lọ́pọ̀ ibi tí mo ti rí i, ara ògiri ló ń ṣàn gbà lọ sílẹ̀, tí ewéko tútù á sì hù síbẹ̀.